Orin Tí A Fi Ń Gbé Pósí Wọlé

Bí àgbàlagbà ìjọ wa ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta bá papò dà láàárín ọdún 1970 sí 1980, ẹni mẹ́ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí. Àlùfáà ni wọ́n ń pè ṣáájú, káfíńtà tó ń kan pósí ló tẹ̀ lé e, olùtẹ dùùrù ìjọ ló ṣe ìkẹta. Èmi ni mo máa ń gbé báàgì ìwé orin tẹ̀ lé olùtẹ dùùrù náà lọ sílé ọ̀fọ̀. Mo wà lára àwọn ọmọdékùnrin tí ń kọ ohùn òkè nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo sì tètè mọ ìwé orin kà. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀gá, bí gbogbo wa ti ń pè é, fi yàn mí láti máa ṣí ìwé fún òun nígbà tó bá jókòó ti dùùrù. Ohun tí mo mọ̀ nípa yíyan orin fún ìsìnkú, ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá kì í dé ilé ọ̀fọ̀ kó béèrè pé orin wo lẹ fẹ́. Ó máa kí wọn kú ọ̀rọ̀ èèyàn, á jókòó, á gba omi mu, á jẹ́ kí wọlé-wọ̀de rọlẹ̀ díẹ̀, kó tó yíjú sí ẹni tó bá olóògbé gbé pẹ́ jù. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, bí Bàbá bá ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀, orin wo ni wọ́n máa ń kọ lábẹ́nu?" Bí obìnrin ló bá kú, á béèrè ohun tí Màmá máa ń kọ nídìí máṣíìnì ìránṣọ tàbí nígbà tí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà. Opó tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ á gbórí sókè. Mo rí ọ̀kan tó rẹ́rìn-ín nínú aṣọ dúdú rẹ̀, tó ní orin Kérésìmesì ni ọkọ òun ń kọ láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá, àwọn bá a wí títí ó sú àwọn. Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìjọ ń jókòó lọ́jọ́ ìsìnkú, orin Kérésìmesì yẹn ló ń tẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, oṣù kẹjọ ọdún la sì wà. Àwọn ọmọ bàbá náà wo ara wọn lójú, wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè rẹ̀ kejì a máa ya àwọn ọmọ olóògbé lẹ́nu: ta ni yóò gbé pósí? Bó bá jẹ́ àwọn ọmọ-ọmọ tí ara wọn le, ìrìn wọn á yá. Bó bá jẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ Bàbá nínú ìjọ, àwọn àgbà tí orúnkún ń ro, ìrìn wọn á falẹ̀, orin náà sì gbọ́dọ̀ falẹ̀ bá wọn. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ máa ń rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì dé iwájú pẹpẹ, á máa ka ìṣísẹ̀ sókè, èmi náà á máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú pẹ́ńsù. Ibi tí ó ti lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀ bí wọn kò bá tíì dé, ibi tí ó ti lè parí rẹ̀ tí kò fi ní dà bí ẹni pé wọ́n já a lójijì, gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń sàmì sí lára ìwé.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n máa bọ̀wọ̀ fún un títí di òní ni bó ṣe mọ ìyàtọ̀ àárín òkú àgbà àti òkú ọ̀fọ̀, tó sì mú ìyàtọ̀ yẹn wọnú orin tí àwọn aláwọ̀ funfun kọ ní ilẹ̀ tí wọn kò ti mọ irú rẹ̀. A kì í kí ọmọ ẹni àádọ́rùn-ún ọdún bí a ṣe ń kí ìyá ọmọ tó kú ní kékeré. Èéṣe tí orin kan náà yóò fi wọlé pẹ̀lú pósí àwọn méjèèjì?

Orin òkú àgbà rẹ̀ ni ìwọ́de òkú tí George Frideric Handel fi sínú Saul. London ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà ní gbangba, ní oṣù kìíní ọdún 1739. Ìtàn Sọ́ọ̀lù ọba àti Jónátánì ọmọ rẹ̀ ni, àwọn tí wọ́n ṣubú lójú ogun lórí òkè Gílíbóà tí Dáfídì sì dárò wọn. Kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kan nínú ìjọ wa tí kò mọ ìtàn yẹn. Ọ̀gá fẹ́ràn láti máa sọ fún wa pé Handel lọ yá àwọn ìlù ńláńlá àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kó pamọ́ sí Tower of London, torí pé ìlù tí àwọn onílù òun ń lò kò tóbi tó ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Dùùrù wa kò ní ìlù. Àwọn fèrè ńlá tí gígùn wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 16 ni Ọ̀gá máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ dípò rẹ̀, á tẹ̀ wọ́n kúkúrú-kúkúrú, pákó ilẹ̀ á sì máa gbọ̀n lábẹ́ bàtà mi.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fiyè sí nínú ìwọ́de náà ni pé C major ni Handel fi kọ ọ́, ohùn tí àwọn akọrin máa ń bá nídìí orin ìyìn. Kò sunkún rárá. Ó ń rìn bí ọba ṣe ń rìn, á gbé ẹsẹ̀, á dúró, á tún gbé e. Àwọn ìyá tí wọ́n wé gèlè funfun, tí wọn kò tíì gbọ́ orúkọ Handel rí, máa ń mi orí sí i bó ṣe yẹ kí wọ́n mì í. Ẹni tó bímọ, tó rí ọmọ-ọmọ, tó sì fi ọwọ́ rọrí kú, irú orin bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó fi wọlé.

Wọ́n máa ń bẹ Ọ̀gá pé kó tẹ ìwọ́de òkú ti Chopin. Àwọn ọmọ tó ti gbọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ afunfèrè ọlọ́pàá tàbí nínú fíìmù gbà pé òun gan-an ni orin òkú. Ọ̀gá kò tẹ̀ ẹ́ fún àgbàlagbà kankan níṣojú mi. B flat minor ni, ohùn tó ṣú dùdù, ìgbésẹ̀ rẹ̀ wúwo bí ẹni tí kò fẹ́ dé ibi tó ń lọ. Ó ní ẹni tó kú ikú àìtọ́jọ́ ni ohùn yẹn tọ́ sí, àti pé bí a bá fi í sin ìyá àgbà, a ti parọ́ mọ́ ayé tó gbé. Mo fara mọ́ ọn nígbà náà, mo ṣì fara mọ́ ọn lónìí. Ó tún máa ń sọ fún àwọn tó bá takú pé Chopin fúnra rẹ̀, tó kọ ìwọ́de náà ní 1837 kó tó fi í sínú iṣẹ́ píánò rẹ̀ tó parí ní 1839, kò fi ọ̀rọ̀ ìsìnkú tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti rò fún un. Requiem tí Mozart kọ ló ní kí wọ́n kọ. Ó kú ní Paris ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1849, ọjọ́ 30 ni wọ́n tó ṣe ìsìnkú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Madeleine. Ibẹ̀ kò gba obìnrin láyè láti kọrin nígbà náà, Requiem yẹn kò sì ṣe é kọ láìsí ohùn obìnrin. Àwọn obìnrin kọ ọ́ níkẹyìn, ẹ̀yìn aṣọ dúdú ni wọ́n dúró sí. Wọ́n tẹ díẹ̀ nínú orin òun náà pẹ̀lú, torí ta ni yóò sin Chopin láìtẹ orin Chopin? Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ohun tó ní kí wọ́n ṣe.

Òkú ọ̀fọ̀ ni n kò fẹ́ràn láti máa rántí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tó pọ̀ jù. Ọmọbìnrin kan kú nínú ìjọ wa, akẹ́kọ̀ọ́ girama, àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló mú un lọ. Òbí kì í bá ọmọ dé ojú oórì, àwọn òbí rẹ̀ kò sì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló wá nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú àwọn tíṣà wọn, àga méjì iwájú sì ṣófo. Àwọn kan fẹ́ kí ẹgbẹ́ akọrin kọ orin tí Handel fi bẹ̀rẹ̀ apá kẹta Messiah, èyí tó fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ láti inú ìwé Jóòbù orí 19 àti Kọ́ríńtì Kìíní orí 15. Orin ìgbàgbọ́ tó ga ni. Wọ́n tilẹ̀ gbẹ́ ère Handel sí Westminster Abbey pẹ̀lú ìwé orin náà níwájú rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún òkú àgbà, inú mi a sì máa dùn bí mo bá dé ibi tí ohùn ti gòkè. Ọ̀gá ní rárá. Ó ní kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó lè dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ Bíbélì, títí àlùfáà yóò fi la ẹnu rẹ̀.

Bach ló tẹ̀. Nínú ìwé kékeré tí Bach kó àwọn orin dùùrù kúkúrú jọ sí, Orgelbüchlein, ọ̀kan wà tó jẹ́ igbe sí Jésù. F minor ni, ohùn mẹ́ta péré ló ní. Ohùn òkè ń gbàdúrà, ti àárín ń ṣàn lọ láìdúró, ti ìsàlẹ̀ sì ń lù kì-kì bí àyà èèyàn. Ojú ìwé kan ni gbogbo rẹ̀, n kò ní ìwé kankan láti ṣí. Mo dúró, mo sì gbọ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì tó kún fún ọmọdé ṣe lè dákẹ́ tó. Lẹ́yìn ìgbà náà ni Ọ̀gá sọ fún mi pé ogún ọmọ ni Bach bí, mẹ́wàá péré ló dàgbà. Ó ní ẹni tó ti gbé pósí kékeré jáde nílé ara rẹ̀ lóòrèkóòrè mọ bí orin ṣe lè jókòó ti èèyàn láìsọ̀rọ̀.

Iná mànàmáná pẹ̀lú a máa bá Ọ̀gá pinnu orin. Bí ó bá lọ nínú ìsìn, atẹ́gùn inú dùùrù á tán, orin á rọ, àwọn ọmọdékùnrin méjì á sáré lọ sẹ́yìn láti máa fi ọwọ́ fẹ́ ewìrì. Ó ṣẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ọ̀gá fi máa ń yan orin tí ẹ̀mí rẹ̀ kì í gùn jù nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí iná máa ń lọ jù.

Ìsìnkú kan wà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Awakọ̀ ojú irin ni olóògbé náà, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ọgbà rélùwéè, ó sì ti kọ ohùn tẹ́nọ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin wa kí wọ́n tó bí mi. Àkọ́bí rẹ̀ ti Ìlú Ọba dé pẹ̀lú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kan lábẹ́ apá: Requiem tí Johannes Brahms kọ ní èdè Jámánì. Ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ akọrin kọ ọ́ fún bàbá òun. Owó kì í ṣe ìṣòro rẹ̀, ìgbà owó epo la wà. Ó ní ìfẹ́ bàbá náà lọ́kàn lóòótọ́, n kò lè sọ pé àṣehàn ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó lé ní wákàtí kan ni, ó ní apá méje, àwa sì ní ọjọ́ mélòó kan láti fi kọ́ ọ, pẹ̀lú àwọn báàsì tó jẹ́ pé sọ́fà nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà.

Ọ̀gá kò kọ́kọ́ sọ ìyẹn rárá. Ó ní kí wọ́n gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà sórí gíràmófóònù, kí gbogbo ilé gbọ́. A jókòó, a gbọ́ apá àkọ́kọ́ tán, pẹ̀lú ìyá wọn tó fi ọwọ́ lérán. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ọmọkùnrin náà bí Brahms ṣe pàdánù ìyá rẹ̀ ní 1865, tí wọ́n sì kọ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ní kàtídírà Bremen ní Ọjọ́ Ẹtì Rere ọdún 1868. Ó ní Requiem àwọn ará àtijọ́, èdè Látìn ni, àdúrà fún ẹni tó kú sì ni. Brahms fi Látìn sílẹ̀. Ó ṣí Bíbélì tí Luther túmọ̀ sí èdè àwọn èèyàn rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ọ̀rọ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ Jésù nípa àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí àwọn tó kù láyé ló ń tù nínú. "Bùrọ̀dá," bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí i, "bí ẹ bá fẹ́ ṣe bí Brahms, èdè tí Bàbá fi ń gbàdúrà ni ká fi sìn wọ́n."

Ìyá wọn ló dáhùn. Ó ní áńtẹ́ẹ̀mù Yorùbá kan wà, Sáàmù 90 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí ọkọ òun dá tẹ́nọ̀ rẹ̀ kọ nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ ara wọn sọ́nà. Ọ̀gá mọ̀ ọ́n. Tíṣà àtijọ́ kan ní ìjọ wa ló ṣe é, kò sí níbì kankan nínú ìwé títẹ̀. Ẹ̀dà kan ṣoṣo, tí a fi yíǹkì kọ lọ́wọ́, ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn dùùrù. Èmi ni wọ́n ní kí n jókòó da sọ́fà rẹ̀ kọ fún àwọn akọrin.

Mo fẹ́ kí ẹni tí kò bá gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tó ya á sọ́tọ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ohùn orin òyìnbó ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí, ohùn náà a sì máa gbé ọ̀rọ̀ gba ibi tí kò fẹ́ gbà, títí ẹni tó ń gbọ́ kò fi ní mọ ohun tí à ń wí bí kò bá ní ìwé lọ́wọ́. Àwọn tó tún un ṣe kò kéré. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin tirẹ̀, London ni wọ́n sì ti gbà á sí rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1922. Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó jókòó ti dùùrù kàtídírà Marina láti 1914 títí di 1962, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn bí ohùn orin ṣe lè tẹ̀ lé ohùn ẹnu. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti kọrin lọ́mọdé, kó tó di olùtẹ dùùrù tí gbogbo ayé mọ̀. Ayọ̀ Bánkọ́lé, tó kọ Jona àti Ọ̀nà Ara, tó sì ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, wà láàyè nígbà tí à ń kọ́ áńtẹ́ẹ̀mù yẹn. Ní 1976 ni ikú òjijì mú un lọ ní ẹni ọdún 41, ọjọ́ tí ìròyìn náà dé ni mo kọ́kọ́ rí Ọ̀gá tó pa dùùrù dé láìtíì parí ìdánrawò.

Lọ́jọ́ ìsìnkú awakọ̀ ojú irin, Handel la fi gbé pósí wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ àìsùn, wọ́n ti gbé Brahms sórí gíràmófóònù nínú ilé, wọ́n sì gbọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù padà. Nígbà tí ó kan áńtẹ́ẹ̀mù náà nínú ìsìn, àwọn àgbà tí wọ́n ti kọ ọ́ rí dìde láìsí ẹni tó ní kí wọ́n dìde, wọ́n ń kọ ọ́ láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Tẹ́nọ̀ tó dá a kọ lọ́jọ́ yẹn kò ní ohùn tó dára púpọ̀. Kò sí ẹni tó bìkítà. Mo ti gbọ́ Brahms lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ jù láyé láti ìgbà náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ orin kankan tó bá òkú tí wọ́n kọ ọ́ fún mu tó ìyẹn.

Lẹ́yìn 1980, nǹkan yí padà. Kíbọ́ọ̀dù dé, ó fúyẹ́, kò fẹ́ ewìrì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè gbé e wá lórí ọ̀kadà. Àwọn ẹgbẹ́ olórin pẹ̀lú gìtá àti gbohùngbohùn wọnú ṣọ́ọ̀ṣì. N kò bá wọn jà; ijó yẹ òkú àgbà, bí ìsìn bá sì parí kí wọ́n jó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí pósí máa wọlé kí ẹni tó gbé gbohùngbohùn máa kígbe lé e lórí, tí opó kò ní ìṣẹ́jú kan láti fi gbọ́ inú ara rẹ̀. Orin tó bá mọ bí a ti ń falẹ̀, tó mọ bí a ti ń dákẹ́, ni àkókò yẹn ń fẹ́, ì báà jẹ́ ti Handel, ì báà jẹ́ ti Ṣówándé. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe wà. Ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Oníkan ń kọ́ wọn, mo sì ti gbọ́ àwọn kan níbẹ̀ tí Ọ̀gá ì bá gbóríyìn fún.

Kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn dùùrù yẹn ń kọ́? Nígbà tí wọ́n tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, wọ́n kó ohun tó wà nínú rẹ̀ dà síta, òjò pa á, wọ́n sì sun ìyókù. Ọ̀gá ti kú nígbà náà. Áńtẹ́ẹ̀mù Sáàmù 90 wà nínú ìdọ̀tí tí wọ́n sun, ẹ̀dà sọ́fà tí mo fọwọ́ kọ fún àwọn akọrin sì ti ya dànù. Ohùn tirébù rẹ̀ nìkan ni mo ṣì lè kọ, torí òun ni mo kọ lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin tó ń kà mí. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá ti kọrin nínú ìjọ rí, ẹ wo inú àpótí wọn. Bí ẹ bá bá ìwé orin tí a fọwọ́ kọ níbẹ̀, ì báà ṣe sọ́fà lásán, ẹ má sun ún, ẹ má fi í di nǹkan. Ẹ fi fóònù yín ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan lọ fún olùtẹ dùùrù ìjọ yín. Bí àwọn òbí náà bá sì wà láàyè, ẹ jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, ẹ béèrè orin tí wọ́n fẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i.